Ẹ̀mú Oníràwọ̀

Ẹ má rò pé arúgbó ló ń bá yín sọ̀rọ̀. N kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo kọ́, tí mo gba òmìnira rẹ̀, tí mo sì di ọ̀gá nídìí rẹ̀, mo ti fi í sílẹ̀ pátápátá. Iṣẹ́ pọ́ńpù ọkọ̀ dísù ni. Ìwé kẹrin péré ni mo kà, nítorí náà kí ẹ bá mi fara da ibi tí ọ̀rọ̀ mi kò bá ti gún. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́ ni mo ń kọ èyí sí. N óò sọ bí iṣẹ́ náà ṣe dùn tó, n óò sì sọ ti owú tí mo jẹ nídìí rẹ̀. Bí mo bá yọ owú kúrò, irọ́ ni mo ń pa fún yín.

Ìrókò ni wọ́n bí mi sí. Ọdún tí ìjọba dá ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ni mo wọ ilé ìwé. Nígbà tí mo ka ìwé kẹrin tán, ìyá mi mú mi lọ sí Ìyànà Ọ̀fà, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn, Bàbá Adéògún, kí n lè máa ran ìyàwó wọn lọ́wọ́ nínú ilé. Mẹkáníìkì ni Bàbá, ṣùgbọ́n wọn kì í fọwọ́ kan táyà tàbí bíréèkì. Pọ́ńpù tó ń pín epo fún ẹ́ńjìnnì dísù nìkan ni wọ́n ń tún ṣe. Lábẹ́ páànù kan lẹ́bàá ọ̀nà, tí kò jìnnà sí ọjà, ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà.

Abọ́ ni mo kọ́kọ́ ń fọ̀. Ẹ̀yìn ilé tí mo ti ń fọ̀ ọ́ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kan, ọmọ iṣẹ́ wọn kan kó irin wẹ́wẹ́ inú pọ́ńpù sílẹ̀, ó lọ jẹun, mo sì fi dísù fọ̀ wọ́n fún un. Nígbà tí Bàbá dé, wọ́n mú ọ̀kan nínú irin náà, wọ́n fi ahọ́n kàn án. Ẹ̀rù bà mí. Wọ́n mú òmíràn, wọ́n tún fi ahọ́n kàn án.

Wọ́n ní, “Ta ló fọ eléyìí?”

Ìyàwó wọn, tí a ń pè ní Ìyá Ìjọ, ló dáhùn pé Àbẹ̀kẹ́ ni.

Bàbá ní, “Kò sí iyanrìn kankan lára rẹ̀. Ìyá Ìjọ, ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò máa fọ abọ́ yín. Ọmọ yìí kò padà sídìí àdògán mọ́.”

Bí mo ṣe wọṣẹ́ nìyẹn.

Ọdún kan gbáko, irin fífọ̀ nìkan ni mo ń ṣe. Aṣọ tí a fi ń nù wọ́n kò gbọdọ̀ já fọ́nrán òwú kan sílẹ̀. Irin méjì tí wọ́n jọ wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n kò gbọdọ̀ yapa, nítorí wọn kò lè bá òmíràn ṣe. Bí Bàbá bá fi ahọ́n kan irin tí wọ́n bá rí iyanrìn, wọn kì í na ènìyàn. Wọn yóò da gbogbo irin náà pọ̀ mọ́ra wọn nínú agbada, wọn yóò ní, “Ó yá, bẹ̀rẹ̀ padà.” Ó sàn kí wọ́n nà mí ju ìyẹn lọ. Nígbà mìíràn wọn yóò ní kí n di ojú, wọn yóò fi síkírúù kan sí mi lọ́wọ́, kí n sọ inú pọ́ńpù wo ló ti wá. Mo mọ gbogbo wọn. Ẹ má bínú pé mò ń yin ara mi, kò sẹ́ni tó bá mi yìn ín nígbà náà.

Gbogbo pọ́ńpù dísù ló ní síkírúù kan tí ó ń sọ ibi tí epo gbọdọ̀ mọ. Bí ilé iṣẹ́ bá ṣe pọ́ńpù tán, wọ́n máa ń fi wáyà de síkírúù yìí, wọn yóò sì fi òjé dí ẹnu wáyà náà, kí dírẹ́bà má baà fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n gbogbo dírẹ́bà ojú ọ̀nà wa ló ń fẹ́ kí wọ́n fi epo kún un, kí ọkọ̀ wọn lè gun òkè pẹ̀lú ẹrù. Iṣẹ́ Bàbá nìyẹn. Wọn yóò kọ́kọ́ gbàdúrà, wọn yóò já òjé, wọn yóò yí síkírúù díẹ̀, wọn yóò tún fi òjé tiwọn dí i. Wọ́n ní ẹ̀mú kan tí wọ́n fi ń tẹ òjé náà, tí ó máa ń ya ìràwọ̀ sí i lára. Láti Akínyẹlé dé Ẹgbẹ́dá, bí dírẹ́bà bá rí ìràwọ̀ yẹn lára pọ́ńpù, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Òfin Bàbá kò pọ̀. Síkírúù kò gbọdọ̀ yí ju ìlàjì ìyípo kan lọ. Ẹni tó bá já òjé ọkọ̀ kan gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ náà gun òkè tó wà lẹ́yìn odò, tòun ti ẹrù, kó lè bá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ ìyà bí ìyà bá wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé kò sí páìpù tó gbọdọ̀ gorí ẹ́ńjìnnì láìjẹ́ pé a ti fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn kọjá nínú rẹ̀. Èmi ni wọ́n fi sídìí èyí. Wọ́n ní, “Páìpù tí kò bá ti ẹnu Àbẹ̀kẹ́ kọjá, n kò mọ̀ ọ́n.”

N kò ka èyí sí nǹkan kan. Lójú mi, bí ẹni ń fẹ́ná ní ìdí àdògán ló rí. Mo rò pé nítorí pé mo jẹ́ obìnrin ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Múfú. Ọmọ Ẹgbẹ́dá ni, ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, ó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí n tó dé. Òun gan-an ni mo bá fọ irin lọ́jọ́sí. Níṣojú rẹ̀, Bọ̀dá Múfú ni mò ń pè é. Ó ga, ó lẹ́rìn-ín, ó mọ orúkọ ìyàwó gbogbo dírẹ́bà àti ti ọmọ wọn. Bí ọkọ̀ bá dúró, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ sọ ni, “Múfú dà?” Bí èmi nìkan bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọn yóò wò mí lójú, wọn yóò sì tún béèrè pé, “Ṣé kò sẹ́nì kankan níbí ni?”

Ọwọ́ mi dára ju ti Múfú lọ. Òun náà mọ̀. Ohun tó tiẹ̀ dùn mí jù nìyẹn, pé ó mọ̀, tí kò sì jowú mi. Lọ́jọ́ kan dírẹ́bà kan padà dé pẹ̀lú ayọ̀, ó ń gbá a léjìká.

“Múfú! Ọwọ́ rẹ ò ní kú! Ọkọ̀ mi ń fò bí ẹyẹ.”

Múfú ní, “Èmi kọ́ o. Àbẹ̀kẹ́ ló ṣe é.”

Dírẹ́bà náà bú sẹ́rìn-ín. “Àbẹ̀kẹ́ ló fọ̀ ọ́ ni, àbí?”

“Mo ní òun ló ṣe é. Àbẹ̀kẹ́, sọ fún wọn.”

Mo tẹrí ba. Mo ń gbá síkírúù kiri inú agbada bíi pé mò ń wá nǹkan. Dírẹ́bà náà ní, “Ṣé o rí i? Ojú ń tì í nítorí irọ́ tó o pa mọ́ ọn.” Ó rẹ́rìn-ín lọ. Mo kórìíra Múfú lọ́jọ́ náà ju bí n óò ṣe kórìíra rẹ̀ bó bá gba ìyìn náà fún ara rẹ̀.

Nígbà tí mo ti tó ọdún mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́, irú ọkọ̀ tuntun kan bẹ̀rẹ̀ sí í dé ojú ọ̀nà wa. Irin kan tó ká bí ìgbín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ìgbín náà ni a sì ń pè é. Èéfín ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń yí i, bó sì ti ń yí ló ń fẹ́ atẹ́gùn púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ibi tí atẹ́gùn bá ti pọ̀, a lè fi epo kún epo, agbára yóò sì pọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n bí epo bá ṣíwájú atẹ́gùn, èéfín dúdú ni yóò kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ẹ́ńjìnnì yóò gbóná títí yóò fi yọ́ nínú. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi agolo kékeré kan sẹ́yìn pọ́ńpù. Awọ rọ́bà wà nínú rẹ̀, páìpù bàbà tín-ín-rín kan sì ń gbé atẹ́gùn wá fún un láti ara ẹ́ńjìnnì. Bí atẹ́gùn bá dé, awọ náà yóò wú, yóò ti ọ̀pá kan, pọ́ńpù yóò sì fi epo kún un. Bí atẹ́gùn kò bá tíì dé, kò ní wú. Ọ̀pọ̀lọ́ ni mo sọ agolo yìí, nítorí wíwú rẹ̀, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Ìwé kékeré kan bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ wá. Bàbá kò mọ̀wé, Múfú kò ní sùúrù rẹ̀. Èmi ni mo jókòó tì í fún oṣù méjì, tí mò ń wo àwòrán rẹ̀, tí mò ń fi ìka tẹ̀ lé nọ́ńbà rẹ̀, títí mo fi mọ bí a ṣe ń dẹ sípíríǹgì ọ̀pọ̀lọ́ kí ó lè tètè wú. Mo kọ́ Bàbá. Mo kọ́ Múfú pẹ̀lú. Kò pẹ́ tí àwọn dírẹ́bà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Múfú Ọlọ́pọ̀lọ́.

Ẹ rí i, orúkọ tí mo sọ nǹkan, Múfú ni wọ́n fi dá lọ́lá.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni dírẹ́bà kan tó ń jẹ́ Làmídì gbé ọkọ̀ onígbín rẹ̀ dé. “Má Bínú Mi” ni wọ́n kọ síwájú ọkọ̀ náà. Kòkó ló máa ń kó lọ sí Ìbàdàn. Awọ inú ọ̀pọ̀lọ́ rẹ̀ ti ya, ó sì tún fẹ́ kí wọ́n fi agbára kún un. A tú páìpù tín-ín-rín náà, a fi kọ́ sórí ìṣó lẹ́bàá fèrèsé, a sì ń retí awọ tuntun. Ọjọ́ mẹ́rin ni páìpù náà fi wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta Bàbá mú awọ dé láti ìgboro. Àmọ́ wọ́n ti múra láti lọ sórí òkè àdúrà pẹ̀lú ìjọ wọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Aṣọ funfun ti wà lọ́rùn wọn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n mú ẹ̀mú oníràwọ̀ jáde. Ẹ̀mú yẹn kò kúrò lọ́wọ́ wọn rí. Gbogbo wa mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá gbé e fún ni yóò jókòó sípò wọn lọ́jọ́ iwájú, nítorí ojú wọn ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀.

Mo dìde dúró. Mo tiẹ̀ nu ọwọ́ mi mọ́ ìró.

“Múfú,” wọ́n ní, “gba ẹ̀mú. Ìlàjì ìyípo. Kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Ẹ ṣé, Bàbá. Kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Wọ́n yíjú sí mi. “Àbẹ̀kẹ́, páìpù o.”

“Ẹ̀ẹ́n, Bàbá.”

Wọ́n bá tiwọn lọ. Mo padà jókòó. Ó dà bíi pé wọ́n da omi gbígbóná sí mi láyà. Múfú ń yí ẹ̀mú náà wò lóòrùn, ó ń ṣeré pé òun máa tẹ ìràwọ̀ sí mi létí. Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ bí mo ṣe rí i rẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Múfú tó dé, mo rí kòkòrò kan bí agbọ́n, irú èyí tó máa ń fi amọ̀ kọ́lé sínú ihò. Ẹnu páìpù bàbà náà ló ti jáde. Mo wò ó. Ó fò lọ, ó tún padà wá pẹ̀lú amọ̀ tútù lẹ́nu, ó wọlé. Mo mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré ni ǹ bá fi wáyà gún amọ̀ náà dànù, kí n sì fẹnu fẹ́ ẹ.

Mo fi aṣọ nu ara páìpù náà lóde, mo sì gbé e kọ́ padà.

Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara pa. Mo mọ̀ pé bí atẹ́gùn kò bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀lọ́, kò ní wú, ọkọ̀ kò sì ní lágbára. Làmídì yóò padà wá, yóò fi Múfú ṣẹ̀sín lójú gbogbo ènìyàn pẹ̀lú ẹ̀mú lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi yóò wá dìde jẹ́jẹ́, n óò tú páìpù, n óò sì ní, “Ibí ni ó wà.” Mo ti rí ara mi níbẹ̀. Mo ti gbọ́ bí n óò ṣe sọ ọ́.

Nígbà tí Múfú dé, ó na ọwọ́ sí mi. “Àbẹ̀kẹ́, páìpù.”

Mo gbé e fún un.

“Ó mọ́?”

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó já òjé, ó sì yí síkírúù ní ìlàjì.

Wọ́n kó ẹrù sí ọkọ̀, Làmídì wà á lọ wà á bọ̀ lójú ọ̀nà. Ó yọ orí lójú fèrèsé. “Múfú Ọlọ́pọ̀lọ́! Ọ̀pọ̀lọ́ rẹ sùn ni? Màlúù ń kọjá lára mi!”

Múfú rẹ́rìn-ín, ó sì yí síkírúù kún un. Wọ́n tún dán an wò, kò yàtọ̀. Ó tún yí i. Mo ń kà á lọ́kàn mi: ìlàjì, odidi, odidi àti ààbọ̀. Òógùn ń kán sílẹ̀ lójú Múfú. Àwọn tó wà ní ìdí ọkọ̀ ti ń pọ̀, wọ́n ń pa á lẹ́rìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ ń ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ bí mo ṣe fẹ́ ẹ. Ìgbà yẹn ló yíjú sí mi.

“Àbẹ̀kẹ́, jọ̀ọ́. Kí lo rí sí i?”

Ó bẹ̀ mí, lójú gbogbo wọn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ ló wà lẹ́nu mi. Mo ní, “Mi ò mọ̀, Bọ̀dá Múfú. Ṣebí ọwọ́ yín ni ẹ̀mú wà.”

Ó padà sídìí pọ́ńpù, ó yí síkírúù náà pé ìyípo méjì, ó tẹ òjé sí i. Ó gun ọkọ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Làmídì, gẹ́gẹ́ bí òfin Bàbá. Wọ́n lọ.

Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo ń fetí sílẹ̀. Ọkọ̀ náà kọjá lórí afárá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ìró rẹ̀ ń lọ jẹ́jẹ́ bíi ti ẹni tó rẹ̀. Lójijì, amọ̀ inú páìpù já. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, mo gbọ́ ọ ni. Ìgbín hu, ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, èéfín dúdú yọ lókè igi. Ọ̀pọ̀lọ́ ti wú sórí ìyípo méjì. Mo ní, “Dúró, dúró,” ṣùgbọ́n ohùn mi kò kọjá ibi tí mo dúró sí. Ìró náà dákẹ́ pátápátá. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ igbe.

Nígbà tí mo sáré débẹ̀, ọkọ̀ náà ti dábùú, ó kù díẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ lu gegele. Àpò kòkó fọ́nká sójú ọ̀nà. Písítìnì ti yọ́ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, bí ẹ́ńjìnnì sì ti kú ni bíréèkì kò mú mọ́, ọkọ̀ wá ń yí sẹ́yìn. Múfú bẹ́ sílẹ̀ láti ki igi ìdènà bọ abẹ́ táyà. Ọkọ̀ náà dúró lóòótọ́. Ọwọ́ ọ̀tún Múfú ló dá a dúró.

Ó jókòó sórí àpò kan, ó fi bùbá rẹ̀ di ọwọ́ náà, ètè rẹ̀ ti funfun. Ó rí mi. Ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, ṣé o gbọ́ ọ? Ó lágbára níkẹyìn o.”

Ìka mẹ́ta ni wọ́n gé nílé ìwòsàn.

Bàbá dé, wọ́n ní kí n tú pọ́ńpù náà lójú gbogbo èèyàn. Nígbà tí mo ṣí ọ̀pọ̀lọ́, ìyẹ̀fun amọ̀ pupa wà nínú rẹ̀, kò ju ohun tí ìka méjì lè mú lọ. Aṣọ tí mo fi ń nu irin wà lọ́wọ́ mi. Mo nù ún.

“Kí lo rí?” Bàbá béèrè.

“Kò sí nǹkan kan, Bàbá.”

Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn yí síkírúù náà padà, wọ́n ń kà á. Wọ́n gbójú sókè sí Múfú. “Méjì?”

“Méjì ni, Bàbá.”

Wọ́n gba ẹ̀mú lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn ni èmi àti Múfú gba òmìnira lọ́jọ́ kan náà. Ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá, kí wọ́n tó súre fún ọmọ iṣẹ́, wọn yóò ní kó kúnlẹ̀, wọn yóò sì bi í pé, “Kí lo bàjẹ́ lọ́wọ́ mi tí n kò mọ̀?” Ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Bó bá ti sọ ọ́, ọ̀gá yóò dárí jì í, a kò sì ní dá a sọ mọ́ láé. Múfú ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹran inú ọbẹ̀ yín ní ọdún méjì sẹ́yìn, tẹ́ ẹ tìtorí rẹ̀ lu ológbò. Èmi ni.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn. Ó kàn mí. Mo kúnlẹ̀. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Mo ní, “Wọ́ṣà bàbà kan, Bàbá. Mo jẹ́ kó bọ́ sínú kànga.” Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Bàbá dárí wọ́ṣà jì mí, wọ́n sì fi ẹ̀mú oníràwọ̀ sí mi lọ́wọ́.

Bí mo ṣe di ọ̀gá nìyẹn, ní Ìyànà Ọ̀fà, ọ̀dọ́bìnrin tí kò lè wo ènìyàn lójú. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Iṣẹ́ mi dára, ọkọ̀ onígbín ń pọ̀ sí i, kò sí ọ̀kan tó yọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ń fẹnu fẹ́ gbogbo páìpù lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀ bí dírẹ́bà bá dúró, ohun tó ń bi mí ni, “Múfú ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ le?” Ó ti lọ ń lẹ táyà ní Ẹgbẹ́dá, ó ń fi ọwọ́ òsì ṣe é, ó ń fi ìka méjì ọ̀tún di nǹkan mú. Bó bá wá kí Bàbá, wọn yóò dìde fún un kó jókòó. Mo jowú ìjókòó náà. Mo jowú ọwọ́ rẹ̀ tó gé, nítorí bí àwọn èèyàn ṣe ń fi ìfẹ́ wò ó. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ burúkú ni mo kọ síbẹ̀ yẹn. Òótọ́ ni.

Làmídì ni ọmọ iṣẹ́ mi àkọ́kọ́. Ọlọ́kọ̀ “Má Bínú Mi” ti lé e, ẹ̀rù ọkọ̀ wíwà sì ti bà á, ló bá ní òun yóò kọ́ ohun tó pa ẹ́ńjìnnì òun. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, síbẹ̀ “Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá” ló ń kí mi. Nígbà tó kọ́ ọ tán, a ṣe òmìnira rẹ̀. Bàbá wà níbẹ̀, ojú wọn ti fọ́ pátápátá. Múfú wá láti Ẹgbẹ́dá, ó ń pa gbogbo ènìyàn lẹ́rìn-ín. Làmídì kúnlẹ̀ níwájú mi.

Ohùn mi kéré. “Kí lẹ bàjẹ́ lọ́wọ́ mi tí n kò mọ̀?”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni yóò sọ.

“Ọ̀gá, kì í ṣe lọ́wọ́ yín. Lórí òkè lọ́jọ́sí ni. Nígbà tí èéfín dúdú bẹ̀rẹ̀, Múfú ní kí n pa á. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ní kí n pa á. Mo rí i pé ó kù díẹ̀ ká dé orí òkè, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i. Mo sì jẹ́ kí gbogbo ayé sọ pé Múfú nìkan ló jẹ̀bi.” Ó ń sunkún. “Múfú ò sọ fún ẹnì kankan rí.”

Wọ́n ń retí kí n sọ pé mo dárí jì í. Ìyẹn ni ọ̀gá máa ń sọ. Mo wo Múfú, ó ń wo ilẹ̀.

Mo dìde. N kò dìde sọ̀rọ̀ láàárín àwùjọ rí láyé mi. Mo ní, “Mi ò lẹ́nu tí mo lè fi dárí jì wọ́n. Páìpù ọjọ́ yẹn, amọ̀ wà nínú rẹ̀. Mo rí i. Mi ò fẹ́ ẹ. Bọ̀dá Múfú bi mí bóyá ó mọ́, mo ní ó mọ́. Wọ́n tún bi mí kí ni mo rí, mo ní mi ò mọ̀.”

Múfú gbójú sókè. “Nítorí kí ni?”

“Nítorí ẹ̀mú.”

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ojú rẹ̀ láìsí ẹ̀rín nìyẹn, kò sì sí ìyà tí wọ́n lè fi jẹ mí tó jù ú lọ.

Bàbá ló sọ̀rọ̀. Wọ́n kọjú sí ibi tí ohùn mi ti wá. “Àbẹ̀kẹ́, lọ́jọ́ tí mò ń lọ sórí òkè àdúrà, kí ni mo gbé fún Múfú?”

“Ẹ̀mú ni, Bàbá.”

“Kí ni mo fi lé ọ lọ́wọ́?”

“Páìpù, Bàbá.”

“Òjé lásán ni ẹ̀mú ń tẹ̀. Wọn á tẹ̀ ẹ́, wọn á já a, wọn á tún un tẹ̀. Bí páìpù bá dí, èèyàn lè kú. Èwo nínú méjèèjì lo rò pé ó jẹ́ kí n rí oorun sùn?”

Ọdún mẹ́wàá ni mo fi jowú ohun tó kéré, tí èyí tó tóbi sì wà lẹ́nu mi.

Mo yọ ẹ̀mú kúrò lápò, mo gbé e síwájú Múfú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo rò pé yóò kọ̀ ọ́. Ó gbà á. Kò sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́. Ó yíjú sí Làmídì, ó ní, “Ẹ dìde ńlẹ̀, Bọ̀dá Làmídì. Ẹ gbé pọ́ńpù tẹ́ ẹ ṣe wá.” Ó fi ìka méjì ọ̀tún di wáyà mú, ó fi ọwọ́ òsì tẹ òjé. Ìràwọ̀ náà jáde láìsí àbùkù kan. Tèmi kì í mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Múfú àti Làmídì ni wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi ń tún sítóòfù àti fìtílà alátẹ́gùn ṣe ní òdì kejì ọ̀nà. Ihò inú wọn kéré púpọ̀, mo sì ń fẹnu fẹ́ gbogbo wọn. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, bí iṣẹ́ pọ́ńpù bá wù yín, ẹ kọ́ ọ. Ó dára fún ọwọ́ obìnrin. Bí owú bá mú yín nídìí rẹ̀, ẹ pariwo rẹ̀ síta. Ẹ sọ ọ́ kó di yẹ̀yẹ́ bó bá fẹ́. Ẹ má fi ọwọ́ sọ ọ́ bí mo ṣe fi tèmi sọ ọ́.

Láàárọ̀ yìí ọkọ̀ onígbín kan jáde láti ọ̀dọ̀ wọn. Ó kọjá lórí afárá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè pẹ̀lú ẹrù. Mo gbé fìtílà tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀, mo fetí sí i, bóyá n óò gbọ́ àṣìṣe kan, ó kéré tán epo tó fi díẹ̀ ṣíwájú atẹ́gùn. Ìgbín hu nígbà tó yẹ, ọ̀pọ̀lọ́ wú nígbà tó yẹ, ọkọ̀ náà dé orí òkè, ó sì lọ. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

Mo jowú, mo sì gbé fìtílà mi.